Ẹ̀tọ́ Ẹni tí Ọkọ̀ Pa Lára

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè yìí kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 àwọn yóò máa yẹ ìwé ìdójútòfò ọkọ̀ wò káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ́tò ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tú àpò àti àpótí wò láti mọ̀ bóyá ìwé tiwọn kò tíì kọjá ọjọ́. Bí ẹ bá bi ẹnì kan nínú wọn léèrè ìdí tí ó fi ń ra ìwé náà, ó ṣeé ṣe kí ó dá yín lóhùn pé, kí ọlọ́pàá má baà dá òun dúró lójú ọ̀nà ni. Èsì náà kò burú, ṣùgbọ́n kò pé. Ìwé ìdójútòfò kì í ṣe ti ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe ti onímọ́tò nìkan. Ẹni tí òfin ní lọ́kàn jù lọ nígbà tí ó sọ ìwé yìí di dandan ni ẹni tí onímọ́tò kò mọ̀ rí, tí ó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, tí ọkọ̀ sì kọlù. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé ẹni náà gan-an ni kì í sábà mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ kankan í gbà.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìdójútòfò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní inṣọ́ránsì, jẹ́. Àwa Yorùbá mọ èsúsú. Ẹni tí ó bá ń dá èsúsú mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun yóò kó owó òun. Ìdójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún onímọ́tò ni ó ń dá owó jọ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan, kì í ṣe nítorí kí olúkúlùkù lè kó o padà, bí kò ṣe nítorí kí a lè rí owó ńlá san lórí ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tí àjálù yóò dé bá láàárín ọdún. Ẹni tí ó wakọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin rẹ̀ láìfara kan ẹnikẹ́ni kò pàdánù. Owó rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí ti ẹlòmíràn ì bá ti ṣe iṣẹ́ fún òun náà bí ọjọ́ burúkú bá kàn án. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1930 ni ó sọ irú ìdójútòfò yìí di dandan. Àwọn aṣòfin ibẹ̀ ti rí i pé mọ́tò ń pọ̀ sí i lójú títì, wọ́n sì rí i pé ẹni tí ó lówó tí yóò fi ra mọ́tò lè ṣàì ní èyí tí yóò fi tọ́jú ẹni tí mọ́tò náà bá ṣe léṣe. Ilé ẹjọ́ lè dá ẹjọ́ fún ẹni tí ó fara pa, ṣùgbọ́n bí awakọ̀ kò bá ní lọ́wọ́, kí ni a óò gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ní ọdún 1945 ni ìjọba amúnisìn ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún Nàìjíríà. Ẹ̀mí àti ara ènìyàn ni òfin yẹn rò. Kò mẹ́nu kan dúkìá. Òfin ìdójútòfò ti ọdún 2003 ni ó fi dúkìá kún un. Ní ọdún 2025, òfin tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù fún àtúntò ọ̀rọ̀ ìdójútòfò kó àwọn òfin àtijọ́ wọ̀nyí jọ sí ojú kan. Ìdójútòfò ọkọ̀ ṣì jẹ́ dandan títí di òní.

Oríṣi mẹ́ta ni èyí tí a máa ń rí rà. Èkíní ni ti ẹni kẹta, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní tẹ́ẹ̀dì pátì, òun sì ni ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ tí òfin gbà láàyè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà rú yín lójú. Onímọ́tò ni ẹni kìíní, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ẹni kejì, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣe àdéhùn. Ẹni kẹta ni ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣe àdéhùn, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ náà lè pa lára tàbí kí ó ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́: ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn, ọlọ́kadà, onísọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, awakọ̀ mìíràn. Oríṣi kejì fi iná àti olè kún ti ìṣáájú, bí ọkọ̀ onímọ́tò bá jóná tàbí tí wọ́n bá jí i. Ẹ̀kẹta ni ìdójútòfò kíkún, èyí tí ń tún ọkọ̀ onímọ́tò fúnra rẹ̀ ṣe bí ó bá forí gbárí pẹ̀lú òmíràn.

Àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìdójútòfò ní Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí NAICOM, tí a sì dá sílẹ̀ ní ọdún 1997, ni ó ń fi iye owó lélẹ̀ fún ti ẹni kẹta. Nígbà tí ọdún 2023 wọlé, àjọ náà gbé iye tí ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń san lọ́dún láti ₦5,000 lọ sí ₦15,000. Ó fi ₦3,000 lé ọ̀kadà lórí, ₦5,000 lé kẹ̀kẹ́ Márúwá lórí, àti ₦100,000 lé lọ́rì tí ń fi owó gbé ẹrù lórí. Ní ìgbà kan náà ni ó kéde pé bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ti lọ́rì náà jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún, ti ọ̀kadà sì jẹ́ mílíọ̀nù kan.

Níbí yìí ni ó yẹ kí a ti farabalẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Mílíọ̀nù mẹ́ta tí a sọ yẹn, ti dúkìá ni: mọ́tò ẹlòmíràn, ògiri ilé, tàbí ìsọ̀ ọjà. Kì í ṣe gbèdéke lórí ara ènìyàn. Òfin ọdún 1945 tí ó bí ìdójútòfò yìí kò fi gbèdéke sí owó tí ó tọ́ sí ẹni tí ó fara pa, tàbí sí ìdílé ẹni tí ó kú. Bí ìpalára náà bá ti tó ni a ń wò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún aláìsàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán pé owó tí ìwé náà lè san kò ju ti bọ́ńpà mọ́tò lọ, ẹ má ṣe gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan tí ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́bàá títì ní Lọ́kọ́ja. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí ń ti Abuja bọ̀ yà fún ihò ojú ọ̀nà, ó sì gbá a lẹ́sẹ̀. Awakọ̀ náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, àwọn èrò péjọ, wọ́n bá a bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ tútù ní ń yọ obì lápò. Wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí ilé olóògùn, wọ́n fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀, awakọ̀ sì fi ogún ẹgbẹ̀rún náírà lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà dárí jì í, olúkúlùkù sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó kọ nọ́ḿbà ọkọ̀ náà sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè ìwé tí ó lẹ̀ mọ́ ojú gíláàsì rẹ̀.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ wú. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì rí i pé eegun ti là. Oṣù mẹ́ta ni ìsọ̀ fi wà ní títì. Owó tí ó yẹ kí ó fi ra ẹja tuntun lọ sórí oògùn, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì di ìṣòro. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò, àwọn méjèèjì ni ó pàdánù. Awakọ̀ tún fi owó àpò rẹ̀ san ohun tí ó ti san owó ìdójútòfò lé lórí tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà sì gba ogún ẹgbẹ̀rún náírà dípò ẹ̀tọ́ tí ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. A kò sọ pé ìdáríjì kò dára. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ọ̀tọ̀, ẹ̀tọ́ ọ̀tọ̀. Ènìyàn lè dárí ji awakọ̀ tọkàntọkàn, kí ó sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ti gba owó nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀? Ẹ̀mí ni ó ṣáájú. Ẹ gbé ẹni tí ó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn tí ó bá súnmọ́ jù lọ. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ ní kedere pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, nítorí ìdí yòówù tí ó lè jẹ́. Ẹni tí ó bá rú òfin yìí lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Nítorí náà, kí a tó tọ́jú ẹni tí ń ṣẹ̀jẹ̀ kò yẹ kí a kọ́kọ́ máa bèèrè ìwé ọlọ́pàá tàbí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni náà bá sì fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun, kò burú, ṣùgbọ́n kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, nítorí pé ìwé dókítà ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò àti ilé ẹjọ́ yóò bèèrè.

Lẹ́yìn èyí, bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kí ẹnì kan nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀ kọ nọ́ḿbà ọkọ̀ náà sílẹ̀, orúkọ awakọ̀ àti ti ẹni tí ó ni ọkọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ adójútòfò àti nọ́ḿbà ìwé náà. Bí fóònù bá wà lọ́wọ́, kí ó ya àwòrán ibẹ̀ kí wọ́n tó sún ọkọ̀ kúrò. Kí ó gba orúkọ ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, tàbí kí wọ́n pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, kí àkọsílẹ̀ lè wà. Kí a kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò láìpẹ́, kí a sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́. Gbogbo rìsíìtì ni kí a tọ́jú: ti oògùn, ti àwòrán eegun, ti ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ti ọ̀pá tí a fi ń tilẹ̀.

Owó gbà-máà-bínú tí a ń sọ yìí kì í ṣe ti ìtọ́jú nìkan. Ó kan owó iṣẹ́ tàbí èrè ọjà tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni náà ní àkókò àìsàn, ó kan ìrora tí ó jẹ, ó sì kan ohun tí kò ní lè ṣe mọ́ bí ó bá di arọ. Bí ẹni náà bá kú, ìyàwó, ọkọ, ọmọ tàbí òbí tí ó ń gbọ́ bùkátà wọn lè bèèrè. Nítorí náà, kí oníṣòwò tí kò ní ìwé owó oṣù máa kọ ọjà tí ó rà àti èyí tí ó tà sílẹ̀. Ìwé kékeré tí ó ń kọ lójoojúmọ́ lè jẹ́ ẹlẹ́rìí fún un lọ́jọ́ kan.

Kò yẹ kí a tan ara wa jẹ, síbẹ̀. Ìdójútòfò ẹni kẹta kì í sanwó nítorí pé ọkọ̀ fara kan ènìyàn lásán. Ó ń sanwó nígbà tí ẹ̀bi bá jẹ́ ti awakọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó fara pa já sójú títì láìwo ọ̀tún tàbí òsì, a lè dín owó rẹ̀ kù gẹ́gẹ́ bí ìpín ẹ̀bi tirẹ̀ bá ti tó, tàbí kí ó má tilẹ̀ rí nǹkan kan gbà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹlẹ́rìí àti àwòrán fi ṣe pàtàkì.

Ohun kan tún wà tí ó ń pa àwọn aláìsàn wa lára. Ilé-iṣẹ́ lè mú owó díẹ̀ wá ní kíákíá pẹ̀lú ìwé kan tí a óò buwọ́ lù pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ má ṣe buwọ́ lù ú kí dókítà tó sọ bí ara yóò ti rí lẹ́yìn ọ̀la. Ẹni tí ó bá ti buwọ́ lù ú, bí ẹsẹ̀ bá tún wú, ó ṣòro kí ó tó lè tún ẹnu rẹ̀ yà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀wé, tàbí lọ́yà bí agbára bá ká a, kà á sí yín létí. Ṣùgbọ́n ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ jù nílẹ̀, nítorí òfin fi iye ọdún sí àkókò tí a lè fi pe ẹjọ́. Bí ó bá ti kọjá, ilé ẹjọ́ kò ní gbọ́ ọ mọ́.

Bí ilé-iṣẹ́ bá ń fònídónìí fọ̀ladọ́la, àjọ NAICOM ń gbọ́ ẹ̀sùn irú wọn. Òfin ọdún 2003 tilẹ̀ là á sílẹ̀ pé ẹni kẹta tí ó pe onímọ́tò lẹ́jọ́ lè fa ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ wọ inú ẹjọ́ náà, lẹ́yìn tí ó bá ti fi ìwé tó o létí ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí a yíjú sí àwọn onímọ́tò pẹ̀lú. Ìwé ayédèrú pọ̀ nígboro. Ẹni tí ó ra ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó sábẹ́ agbòòrùn lẹ́bàá ọ́fíìsì ìjọba lè ti ra tákàdá lásán. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní NIID, níbi tí onímọ́tò ti lè fi nọ́ḿbà ọkọ̀ rẹ̀ wádìí bóyá ojúlówó ni ìwé òun. Ẹ rántí pẹ̀lú pé níbi tí a kò bá ti san owó, kò sí ìdójútòfò. Ìlérí pé a óò san lóṣù tí ń bọ̀ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, kí onímọ́tò fi tó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ létí kíákíá. Kí ó ṣàánú, kí ó sì gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ìlérí owó tí ilé-iṣẹ́ kò mọ̀ sí.

Ẹlòmíràn yóò bèèrè pé, bí awakọ̀ bá sá lọ ńkọ́, tàbí bí kò bá ní ìwé rárá? Òfin ọdún 2003 pèsè àpò owó kan tí a lè fi ran ẹni tí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ di abirùn, tàbí ìdílé ẹni tí ó pa, lọ́wọ́. Èyí tún jẹ́ ìdí mìíràn tí kò fi yẹ kí a dákẹ́ láìfi ọ̀rọ̀ náà sùn ọlọ́pàá.

Àwọn tí ń ná ọjà òkè-òkun ilẹ̀ wa, láti Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnù, Lomé àti Accra, kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìwé tí wọ́n rà ní Nàìjíríà nìkan kò tó fún wọn lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1982, ní Kútọnù, ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn káàdì tí a ń pè ní Brown Card. Bí lọ́rì Nàìjíríà tí ó ní káàdì yìí bá ṣe ènìyàn léṣe ní Lomé, ọ́fíìsì káàdì náà ní ilẹ̀ Togo ni yóò bójú tó ẹni tí ó fara pa gẹ́gẹ́ bí òfin ibẹ̀, ti Nàìjíríà yóò sì san owó náà padà fún wọn. Bákan náà ni bí ọkọ̀ tí ó ní nọ́ḿbà Togo bá kọlu ẹnì kan ní Èkó tàbí Kánò: kí ẹni náà má ṣe rò pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ ti bọ́ lọ ní ẹnubodè.

Kò sí òfin tí ó lè dá eegun tí ó là padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kò sì sí owó tí ó lè jí òkú. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ṣe é ní dandan pé kí gbogbo ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ sójú títì ti ní ohun tí yóò fi tọ́jú ẹni tí ó bá pa lára. Kí onímọ́tò ra ojúlówó, kí ó sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ni òun ń rà á fún. Kí ẹni tí ọkọ̀ bá sì kọlù, lẹ́yìn tí ó bá ti gba ẹ̀bẹ̀ tán, bèèrè ìbéèrè kan tí obìnrin ẹlẹ́ja wa ní Lọ́kọ́ja kò bèèrè: ilé-iṣẹ́ wo ni ó dúró fún ọkọ̀ yìí, kí sì ni nọ́ḿbà ìwé rẹ̀?